Bí A Ṣe Ń Múra fún Ìrìn-àjò sí Ìlú Àtijọ́ Lórí Òkè Ìdànrè

Orí ìwé yìí wà fún ẹni tó fẹ́ gun Òkè Ìdànrè dé inú ìlú àtijọ́ tó wà lókè, kó rí i dáadáa, kó sì sọ̀kalẹ̀ ní àlàáfíà. Mo sọ pé "dé inú ìlú" nítorí pé ọ̀pọ̀ àlejò ni kì í dé ibẹ̀. Wọ́n á gun àtẹ̀gùn tán, wọ́n á ya fọ́tò, omi á ti tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n á sì padà sílé pẹ̀lú èrò pé àwọn ti rí Ìdànrè. Ẹnu ọ̀nà lásán ni àtẹ̀gùn yẹn. Iwájú ni ìlú wà.

Ìlú tí à ń wí yìí kì í ṣe ahoro tí kò lẹ́ni. Àwọn ará Ìdànrè, tí wọ́n tún ń pe ara wọn ní Ufẹ̀ Òkè, gbé orí àpáta náà láti ìran dé ìran kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ìdànrè tòní, ìyẹn Odòde, Aládé àti Àtòsìn, wà ní ìsàlẹ̀ àwọn àpáta náà. Ṣùgbọ́n ààfin àtijọ́, kọ́ọ̀tù, ojúbọ àti ibojì àwọn baba ńlá ṣì wà lókè, àwọn ọmọ ìlú sì ń gòkè padà lọ ṣe ọdún àti ètùtù wọn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2007, orúkọ òkè yìí wọ ìwé tí àjọ UNESCO fi ń to àwọn ibi tí wọ́n ṣì máa yẹ̀ wò fún ipò Ogún Àgbáyé. Ilé onílé ni ẹ ń lọ. Aṣọ tí ẹ máa wọ̀, ohùn tí ẹ máa fi sọ̀rọ̀, ibi tí ẹ máa gbójú fò àti ibi tí ẹ máa ya fọ́tò, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

OHUN TÍ Ẹ MÁA KÓ DÁNÍ

Ẹ kó wọn jọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn kò dára fún wíwá nǹkan kiri.

Bàtà ló ṣáájú. Bàtà kànfáàsì tó fún ẹsẹ̀ dáadáa, tí ìlà àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì jinlẹ̀, ló dára jù, kó sì jẹ́ èyí tí ẹ ti ń wọ̀ rìn tẹ́lẹ̀. Bàtà tuntun á bó yín lẹ́sẹ̀ kí ẹ tó dé ìdajì ọ̀nà. Ẹ fi ìka ra àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà yín wò: tó bá ń dán, ẹ fi sílé. Sálúbàtà àti bàtà onígìgísẹ̀ kò ní iṣẹ́ lórí àpáta yìí rárá.

Omi, lítà 2 fún àgbàlagbà kan, ó kéré tán. Lítà 3 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi inú ọ̀rá máa ń bẹ́ nínú àpò, nítorí náà ẹ dà á sínú ìgò oníke kí ẹ tó gbéra. Omi yìí ni ohun tó wúwo jù nínú ẹrù yín, òun náà ni ẹ kò gbọ́dọ̀ dín kù.

Oúnjẹ tí kò ní wúwo nínú: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà, búrẹ́dì, ọsàn. Ẹ di ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sínú ọ̀rá kékeré. Bí òógùn bá pọ̀ lára ẹnì kan tí orí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, ṣíbí kékeré ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ nínú lítà omi 1 ló máa ràn án lọ́wọ́ ju ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ.

Aṣọ olówùú tó fẹ̀, tí apá rẹ̀ gùn, àti ṣòkòtò tó kọjá orúnkún. Oòrùn orí àpáta a máa jó ènìyàn láti òkè, ooru òkúta a sì tún máa jó o láti ìsàlẹ̀. Àkẹtẹ̀ tàbí fìlà tó bo ojú. Ẹ fi ìró àǹkárá kan kún un: ẹ lè jókòó lé e, ẹ lè fi bo orí, ẹ sì lè ró o bí ẹ bá dé ibi tó gba ọ̀wọ̀.

Aṣọ òjò fẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe agbòjò. Ìjì lè fi agbòjò fa ènìyàn kúrò lórí ìdúró rẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì, kódà bí ẹ bá ní in lọ́kàn pé ẹ ó ti sọ̀kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Fóònù tí iná rẹ̀ kún, àti nọ́ńbà ẹni méjì tí ẹ kọ sórí ìwé, nítorí pé fóònù lè kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè má sí láàárín àpáta.

Báńdéèjì tó gùn, pílásítà, oògùn apakòkòrò fún ojú egbò, oògùn ara ríro. Ẹni tó ń lo oògùn tirẹ̀ lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ gbé e dání, kó sì sọ fún ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ ibi tó fi sí nínú àpò. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ fi ìfàsímú rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Owó lọ́wọ́, kó jẹ́ owó kéékèèké. Ọ̀rá òfìfo méjì fún ìdọ̀tí yín. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ inú àpò tí ẹ lè gbé kọ́ ẹ̀yìn, kí ọwọ́ yín méjèèjì lè wà lófìfo. Ẹni tó fi ọwọ́ kan gbé àpò, tó fi èkejì di fóònù mú, kò ní ọwọ́ kankan tí yóò fi gba ara rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá yọ̀.

Ẹ YẸ ARA YÍN WÒ

Àtẹ̀gùn òkè yìí lé ní 600. Kò sí ẹ̀rọ agbénigòkè bí irú èyí tí wọ́n ṣe sí Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ẹsẹ̀ ẹni nìkan ni ọkọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ wá ilé alájà mẹ́ta, kí ẹ gùn ún lọ gùn ún bọ̀ nígbà mẹ́ta láìjókòó. Mímí gúlegúle kò burú. Bí àyà bá ń fún yín, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí tí orúnkún bá wú lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹni tó ní àrùn ọkàn àti aláboyún gba ìmọ̀ràn dókítà ná.

Bí ẹ bá ń mú àwọn òbí yín tó ti dàgbà lọ, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nílé, kì í ṣe lójú àtẹ̀gùn níbi tí ìtìjú kò ti ní jẹ́ kí wọ́n sọ pé ó ti rẹ àwọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́ tó sì wo àwọn àpáta ńlá yẹn káàkiri ti rí ohun tó tó rí. Kí ẹnì kan dúró tì wọ́n. Ọmọdé lè gun òkè yìí, ṣùgbọ́n ọwọ́ àgbàlagbà kan fún ọmọ kan ni, a kò sì gbọ́dọ̀ gbé ọmọ sí ọrùn nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀.

ÌGBÀ WO LÓ DÁRA?

Bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi, oṣù Kọkànlá. Òjò ti ń lọ, ewé ṣì tutù, ojú ọ̀run mọ́, ọyẹ́ kò sì tíì fi eruku bo àwọn òkè. Láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kejì, àpáta gbẹ, ìdúró ẹsẹ̀ dára, òwúrọ̀ sì tutù. Àmọ́ ọyẹ́ lè bo ojú gbogbo àfonífojì débi pé ẹ kò ní rí Òkè Orósùn, ọ̀kan lára àwọn àpáta ńlá ibẹ̀, dáadáa. Oṣù Kẹta gbóná púpọ̀.

Láti oṣù Kẹrin ni òjò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́ òjò inú oṣù Kẹjọ kò ṣeé gbára lé. Ohun tí òjò ń ṣe sí òkè yìí kọjá ká kàn rin: ó ń mú kí ewédò dúdú tó lẹ̀ mọ́ àpáta tutù, kò sì sí bàtà tó dúró lórí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ dúró kí oòrùn gbẹ àpáta, tàbí kí ẹ sún un sí ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ ààrá gba kí a gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Lórí àpáta gbalasa, ẹ̀yin ni ẹ ga jù níbẹ̀, mànàmáná kì í sì í wá ohun mìíràn. Bí ẹ bá gbọ́ ààrá, kódà bó jìnnà, ẹ kúrò ní orí àpáta tó yọrí síta, ẹ má sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo tó dá dúró, ẹ sì fi irin ìdìmú ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn sílẹ̀. Ẹ tọ afinimọ̀nà lọ sí ibi tó rẹlẹ̀. Bí ìkùukùu dúdú bá ti ṣú kí ẹ tó gbéra, ẹ má gùn ún rárá.

Ọdún Orósùn a máa bọ́ sí oṣù Karùn-ún. Àwọn ìtàn Ìdànrè sọ pé ìyàwó Olófin Àrẹ̀mítàn, ẹni tó tẹ ìlú dó, ni Orósùn, tó wá di ẹni tí wọ́n ń bọ. Bí ẹ bá fẹ́ lọ lákòókò ọdún, ẹ ránṣẹ́ ṣáájú láti mọ ọjọ́ gan-an, ọ̀nà tí wọ́n máa tì àti ibi tí àlejò kò gbọ́dọ̀ dé. Bó ṣe pé ìlú àtijọ́ fúnra rẹ̀ ni ẹ fẹ́ fara balẹ̀ wò, ẹ lọ ní ọjọ́ mìíràn tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí èrò kò pọ̀.

Ọ̀NÀ, ÀTI Ọ̀RỌ̀ Ọ̀WẸNÀ

Ọ̀wẹnà ń ṣi àwọn àlejò lọ́nà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àti lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Ọ̀wẹnà ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè, torí náà àlejò á tẹ Ọ̀wẹnà sínú máàpù fóònù rẹ̀, á rò pé ẹsẹ̀ òkè ni yóò gbé òun lọ. Àtẹ̀gùn òkè kò sí ní Ọ̀wẹnà. Ọ̀wẹnà tún jẹ́ orúkọ odò, ibi tó sì ń jẹ́ orúkọ odò náà ju ẹyọ kan lọ: ọ̀kan wà ní ojú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, èkejì sì wà ní ìhà Oǹdó àti Ìdànrè. Bí ẹ bá sọ fún awakọ̀ pé "Ọ̀wẹnà" lásán, ó lè já yín sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. "Ìdànrè, Odòde, ibi àtẹ̀gùn òkè" ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì tẹ "Idanre Hills" sínú máàpù.

Àkúrẹ́ ni ibùdó tó rọrùn jù. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó lè gba Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó, tàbí kó gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà. Láti Àkúrẹ́, Ìdànrè wà ní ìhà gúúsù, ó lé díẹ̀ ní kìlómítà 20, ọkọ̀ sì ń lọ láti gáréèjì. Ẹ sùn sí Àkúrẹ́ tàbí Ìdànrè mọ́jú ọjọ́ tí ẹ máa gòkè. Ẹni tó kúrò ní Èkó ní òwúrọ̀, tó sì fẹ́ gun òkè lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, á bá oòrùn ní góńgó orí, á sì bá òkùnkùn lójú ọ̀nà nígbà tó bá ń padà. Ẹ má rìnrìn-àjò lóru ní agbègbè yìí. Ẹ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n mọ̀ ju ìwé èyíkéyìí lọ, títí kan èyí.

Ìgbẹ́ kòkó ni ẹ máa là kọjá. Ìdànrè wà lára àwọn ibi tí kòkó ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá bá kòkó tí wọ́n sá sí etí títì, ẹ má fi mọ́tò gùn ún, ẹ má sì já èso rẹ̀ lórí igi. Iṣẹ́ ọdún kan ẹnì kan ni.

NÍ ÌSÀLẸ̀ ÒKÈ

Ẹ débẹ̀ ní aago 7 òwúrọ̀, tàbí gẹ́lẹ́ tí wọ́n bá ṣí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ kí àwọn tí ẹ bá níbẹ̀ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́ o" kò gba àkókò.

Ẹ san owó ìwọlé lójú àwọn òṣìṣẹ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ẹ fi orúkọ yín àti iye ẹgbẹ́ yín sílẹ̀, nítorí pé ìwé yẹn ni wọ́n máa fi mọ̀ bí ẹnì kan kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú.

Ẹ gba afinimọ̀nà. Èyí kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe fáàrí. Àtẹ̀gùn hàn kedere, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀nà pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ láàárín igbó àti àpáta, àwọn ibìkan sì wà tí àlejò kò gbọ́dọ̀ tẹ̀. Ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ ibi tí ẹ fẹ́ dé lọ́kọ̀ọ̀kan: ààfin, kọ́ọ̀tù, ilé ẹ̀kọ́, ẹsẹ̀ Agbóògùn, Omi Àpáàrá. Ẹni tó gbà láti mú yín dé ààfin kò tíì gbà láti mú yín dé ẹsẹ̀ Agbóògùn. Ọ̀nà rẹ̀ jìn ju ààfin lọ.

Ẹ wá bi í ní ìbéèrè kan tó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ: "Bàbá, ibo ni kò yẹ kí á dé lónìí, kí ni kò sì yẹ kí á ṣe níbẹ̀?" Bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni, "ẹ̀gbọ́n" náà dára. Ìdáhùn rẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti oṣù tó kọjá, nítorí pé ètùtù ní ọjọ́ tirẹ̀. Ohun tó bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí ẹ kà.

GÍGÙN

Ẹ pín omi yín sí mẹ́ta kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀ sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́: ìdá kan fún gígùn, ìdá kan fún inú ìlú, ìdá kan fún sísọ̀kalẹ̀. Ẹ ṣàmì sí ara ìgò bí ẹ bá fẹ́. Ìdá ìgbẹ̀yìn yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi kọjú sí ìsàlẹ̀.

Ẹ rìn ní ìwọ̀n tí ẹ fi lè máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí, eré ni ẹ ń sá. Ẹ dúró ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kódà bí kò bá rẹ̀ yín. Ẹni tó bá dúró kí ó tó rẹ̀ ẹ́ ni yóò ní agbára lọ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù ṣáájú, kí ìyókù tẹ̀ lé ìrìn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn láti ka àtẹ̀gùn pẹ̀lú eré, tí wọ́n á sì máa gbé fídíò rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀.

Ẹ di irin ìdìmú mú, ṣùgbọ́n ẹ mì í wò kí ẹ tó fi gbogbo ara tì í. Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ ìró oyin, ẹ dákẹ́, ẹ má yára, ẹ má sì fi ọwọ́ lé wọn. Ẹ má ju òkúta sísàlẹ̀ láé. Ẹlòmíràn ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn yín.

Bí ẹnì kan bá dẹ́kun àtilàágùn nínú oòrùn, tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kì í ṣe àárẹ̀ lásán. Ẹ gbé e sí ibòòji, ẹ fi omi tutù nù ún ní ọrùn àti abíyá, ẹ fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sísàlẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Ẹ má fi omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ibi tó wà. Ìrìn ti parí lọ́jọ́ yẹn fún gbogbo ẹgbẹ́.

Nígbà tí àtẹ̀gùn bá tán, afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí yín, ẹ ó rí àwọn àpáta ńlá tó ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun, ọkàn yín á sì sọ pé ẹ ti dé. Ẹ jókòó, ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì, ẹ tún okùn bàtà so. Ẹ wá dìde.

Láti ibí lọ, ẹ tẹ ibi tí afinimọ̀nà bá tẹ̀. Ẹ yẹra fún ojú àpáta tó dúdú tàbí tó ń dán, nítorí pé omi ń sun níbẹ̀. Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má tẹ ojú omi wọ̀nyẹn. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tí kò sí níbòmíràn láyé tí àwọn onímọ̀ mọ̀ ju Òkè Ìdànrè lọ. Sclerophrys perreti ni orúkọ tí wọ́n kọ ọ́ sí. Láti 1970 ni wọn kò ti rí i mọ́, títí àwọn olùwádìí fi tún bá a pàdé ní 2013. Orí àpáta tó tutù, nínú omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń ṣàn lórí òkúta, ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kan ṣoṣo lè pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ má fọ ọwọ́, ẹ má sì da ọṣẹ tàbí omi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sí i.

NÍNÚ ÌLÚ

Ẹ wọlé pẹ̀lú ìkíni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò rí ẹnì kankan. Ẹ máa bá àgbẹ̀ pàdé, tàbí ẹni tó wá ṣe ìtọ́jú ojúbọ. "Ẹ kú ilé o." Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, ẹ pa orin inú fóònù.

Afinimọ̀nà yóò fi kọ́ọ̀tù àtijọ́ hàn yín, àti ilé agogo, àti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896. Ẹ dúró pẹ́ ní ààfin. Àgbàlá rẹ̀ àti àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára fi hàn pé ọba gidi, pẹ̀lú ìjòyè àti ìdájọ́, ló jókòó níbẹ̀, kì í ṣe àwọn tó kàn sá fún ogun wá fara pamọ́ sínú ihò. Ẹ má fẹ̀yìn ti òpó. Ẹ má jókòó sórí ohunkóhun tó dà bí ìjókòó àfi bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó. Ògiri amọ̀ kò fẹ́ ìfọwọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yín kò gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Ó dùn mí gidigidi bí mo bá rí orúkọ àwọn olólùfẹ́ tí wọ́n fi èédú kọ sára ilé ẹni ẹlẹ́ni.

Fọ́tò: ẹ béèrè ní ibi kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n gbà yín láyè ní àgbàlá kò túmọ̀ sí pé wọ́n gbà yín láyè ní ojúbọ tàbí ibojì. Ẹ má gbé dróònù sókè láìgba àṣẹ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn àgbà ìlú. Irú ìlànà yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Santiago Atitlán, ìlú àwọn ọmọ Maya tó wà létí adágún ní Guatemala, ilé ẹgbẹ́ onísìn kan ló ń gba òrìṣà wọn Maximón sílé fún ọdún kan, kí ó tó kọjá sí ilé ẹlòmíràn. Àlejò tó wá wò ó á kí onílé, á san owó, á sì gbàṣẹ kó tó gbé kámẹ́rà. Ẹni tó bá mọ ìwà yẹn hù níbẹ̀, kí ó hù ú ní Ìdànrè, nítorí pé ọ̀wọ̀ tiwa kò kéré.

Ẹsẹ̀ Agbóògùn jẹ́ ipasẹ̀ kan nínú àpáta. Àwọn ará ìlú sọ pé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, ọmọdé tàbí àgbà, á bá a mu, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sí i, tí ẹ sì fẹ́, ẹ bọ́ bàtà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ àjẹ́ ṣe ẹlẹ́gbẹ́ yín ní yẹ̀yẹ́, pàápàá ìyá àgbà tó bá wà pẹ̀lú yín. Ẹ̀sùn yẹn ti ba ayé ènìyàn jẹ́ rí. Ní ibi omi tí wọ́n ń pè ní Omi Àpáàrá, ohun tí afinimọ̀nà bá sọ nípa mímu àti fífọwọ́kàn ni kí ẹ ṣe. Ní tèmi, omi tí mo gbé wá láti ìsàlẹ̀ nìkan ni mo máa ń mu, nítorí inú rírun lórí òkè kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Ìpinnu tó le jù wà ní ààfin: ṣé kí ẹ tẹ̀ síwájú, àbí kí ẹ yí padà? Ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Omi: bó bá ti kù ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ díẹ̀, ẹ yí padà. Aago: aago 1 ọ̀sán ni òpin, níbi yòówù kí ẹ dé, ilẹ̀ a máa ṣú láàárín aago 6:30 sí 7, sísọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ sì ń pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ. Àárẹ̀: ẹni tó lágbára jù lọ láti sọ "ó tó" nínú ẹgbẹ́ ni ẹni tí ó rẹ̀ jù. Ẹ bi í ní ìkọ̀kọ̀, kí ó má bàa purọ́ nítorí ìtìjú.

SÍSỌ̀KALẸ̀

Ìgbà tí a bá ń gòkè, àyà ló ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀, orúnkún ni. Orúnkún tó ti rẹ̀ máa ń gbọ̀n, ọkàn sì ti wà nílé. Ìdí nìyẹn tí ṣíṣubú fi ń bá ènìyàn nígbà ìpadà.

Ẹ sinmi fún ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ mu nínú ìdá omi kẹta. Ẹ tún okùn bàtà fà le kí ìka ẹsẹ̀ má bàa máa gbá iwájú bàtà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ ní kúkúrú, ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, ọwọ́ kan lórí irin. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè máa fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ní báyìí, kí alágbára wà níwájú ẹni tó rẹ̀, ní àtẹ̀gùn kan sísàlẹ̀, kó lè gbà á mú. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lo fóònù gbọ́dọ̀ dúró.

Bí ọrùn ẹsẹ̀ bá yẹ̀, ẹ má bọ́ bàtà náà bí ẹ bá ṣì ní ọ̀nà láti rìn, nítorí ẹsẹ̀ á wú, kò sì ní wọlé mọ́. Ẹ fi báńdéèjì dì í láti ìta, kí ẹni náà fi ejìká ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ṣe ọ̀pá. Bí kò bá lè tẹ̀ ẹ́ rárá, ẹ má fi agbára wọ́ ọ; ẹ rán ẹnì kan àti afinimọ̀nà lọ pe ènìyàn.

Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ kúrò níbi ejò náà, ẹ má lé e. Kí ẹni náà jókòó jẹ́ẹ́, kí ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà. Ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má sì fi okùn dì í pinpin. Okùn yẹn ti sọ ẹlòmíràn di ẹlẹ́sẹ̀ kan. Ẹ gbé e sísàlẹ̀ láìjẹ́ kó rìn, kí ẹ sì lọ tààrà sí ilé ìwòsàn ńlá.

ÀWỌN ÀṢÌṢE TÓ WỌ́PỌ̀

Jíjẹ iyán ṣáájú gígùn. Iyán Ìdànrè dùn, ẹ jẹ́ kó dúró dè yín.

Mímu ọtí tàbí ẹmu lórí òkè. Ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi débi ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Kíkó èèyàn ogójì lọ pẹ̀lú afinimọ̀nà kan. Ilé ìwé àti ìjọ ló máa ń ṣe èyí. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní afinimọ̀nà tirẹ̀ àti àgbàlagbà tó ń kẹ́yìn, kí ẹ sì ka orí ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan.

Títẹ̀ lé ẹni tó ní òun mọ ọ̀nà àbùjá. Ẹ má gbà, kódà bó bá jẹ́ ọmọ ìlú, bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀.

Mímú òkúta, àfọ́kù ìkòkò tàbí igi kan lọ fún ìrántí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Bí ẹ bá ti dé ìsàlẹ̀, ẹ lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé gbogbo yín ti dé, kí wọ́n fi àmì sí orúkọ yín. Ẹ san owó afinimọ̀nà bí ẹ ṣe fohùn ṣọ̀kan, ẹ sì fi díẹ̀ lé e bó bá ṣe yín dáadáa. Nígbà náà ni kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń gún iyán ní Odòde. Ẹ jẹun, ẹ pe ẹni tó ń retí yín nílé, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́ kí ó tó lu aago 5.